Kọ̀ǹpútà Tó Mọ Oríkì Ìyá Àgbà Kọ

Nígbà tí Dádì ra ọkọ̀ tòkunbọ̀, Mọ́mì ní ká ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Festac. Èmi ni mo tẹ ìwé ètò ìsìn náà lórí kọ̀ǹpútà ilé wa. Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ọ̀hún kò mọ àmì ohùn, kò sì mọ àmì abẹ́ lẹ́tà, nítorí náà ohun tó jáde dípò 'ọkọ̀ tuntun' ni "oko tuntun". Pásítọ̀ dìde, wọ́n kà á sókè ketekete: "Ìyá wa ń dúpẹ́ fún ọkọ tuntun!" Ọkọ tuntun kẹ̀! Dádì, tí wọ́n jókòó ti Mọ́mì, bojú wẹ̀yìn bí ẹni ń wá ọkùnrin náà. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín.

Mọ́mì kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Olùkọ́ Yorùbá ni wọ́n. "Ẹ̀rọ yín yìí kò ní fọwọ́ kan oríkì ìyá mi láéláé!" Ìyá wọn, ìyá àgbà wa, ń bọ̀ láti ìlú wá ṣe ọjọ́ ìbí lọ́dọ̀ wa, Mọ́mì sì ti kó oríkì wọn jọ láti fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ojú ìyá àgbà kò ríran dáadáa mọ́. Bí a bá fọwọ́ kọ ọ́, wọn ò ní lè kà á. Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà ni wọ́n ń fẹ́, ti kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú àmì tó pé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ní ká gbìyànjú Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá wù ló lè tún un ṣe kó sì pín in, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ bí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí: ẹ̀gúsí kan náà ni, ọwọ́ tó sè é ló yàtọ̀. Sídì Linux aláwọ̀ búlúù kan ni òun gbé wá láti yunifásítì. Èmi ní aláwọ̀ búráùn tí ọ̀rẹ́ mi kan ní Kuje, l'Ábùjá, fi ránṣẹ́ sí mi. Ha, ìjà dé!

"Tìẹ yẹn, ti àwọn ọmọdé ni," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Tìẹ ńkọ́, tí kò tiẹ̀ mọ̀ pé a so máòsì mọ́ ọn?"

Mọ́mì jáde láti kíṣìnì. "Ẹ gbẹ́nu yín dákẹ́! Èyí tó bá lè kọ 'ẹ̀gbọ́n' bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mo gbà."

Mo kọ́kọ́ ki tèmi bọ kọ̀ǹpútà, torí pé ó lè ṣiṣẹ́ láti inú sídì láìpa nǹkan kan rẹ́. Mo tẹ 'ẹ̀gbọ́n'. Àmì orí "ọ" fò kúrò níbẹ̀, ó lọ bà sórí "n". Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Òun náà fi tirẹ̀ sí i, ó wá Yorùbá kàn nínú àwọn èdè tó wà níbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́: ẹ̀gbọ́n. Gbogbo àmì jókòó pa sí àyè wọn.

"Ṣé o rí i? Kọ̀ǹpútà gan-an mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ẹ ni mí."

Ó dùn mí dé eegun! Àmọ́ Mọ́mì ti ń jó, ta ni mo fẹ́ bá bínú? Mo bá wọn jó. A fi aláwọ̀ búlúù sórí kọ̀ǹpútà, Mọ́mì ń pe oríkì, mo ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń bá mi jà lórí gbogbo àmì tí mo bá ṣì tẹ̀. A lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Apple Junction.

Lọ́jọ́ ìbí náà, inú pálọ̀ la wà. Ìyá àgbà fi awò sójú, wọ́n rọra ń kà á síta. Ní àárín, wọ́n gbójú sókè.

"Ta ló ń pè mí?"

Wọ́n tún wo ìwé náà.

"Ìyá mi nìkan ló máa ń pè mí báyìí."

Ni wọ́n bá padà sí òkè ìwé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Lọ́tẹ̀ yìí, bí wọ́n bá ti parí ìlà kan, wọ́n á dáhùn, pẹ̀lú ohùn ọmọdébìnrin: "Màámi, mo wà níbí o."