Àwọn Dírágónì tí Bàbá Mi Sá Sóòrùn

Ní ilé wa ní Ago Alaye, òórùn kòkó ló kọ́kọ́ ń pàdé ènìyàn kó tó rí òrùlé: òórùn kíkan bíi ti ọtí, tó máa ń bá ènìyàn wọ inú aṣọ àti irun. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, òórùn mìíràn dé bá a, òórùn ọ̀dà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gbé e wálé láti Ore, nínú páálí ńlá kan tí òjò ti pa lórí bọ́ọ̀sì. Ìgbà àwọn sójà ni. Ọṣẹ ìfọṣọ ti di ohun tí à ń fi ọ̀bẹ gé pín, ìjọba sì ti ní kí ẹ̀gbọ́n mi àti ọ̀pọ̀ olùkọ́ bíi tirẹ̀ máa lọ sílé wọn.

Bí mo bá sọ ohun tó wà nínú páálí náà, wàá rẹ́rìn-ín. Dírágónì ni, onírọ́bà kéékèèké, tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà wá láti òkè òkun. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Olùkọ́ ará Íńdíà kan tó bá ẹ̀gbọ́n mi ṣiṣẹ́ ní Ore ló kọ́ ọ ní eré tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe: wọn á tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, wọn á máa ju dáìsì, dírágónì tìrẹ á máa lé ọmọ ogun tèmi kiri. Màmá wa, ìyá ìjọ, wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ẹranko inú Ìwé Ìfihàn lo kó wọlé fún mi yìí?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì. Iná ò tíì sí lẹ́nu wọn."

Ìgbà ìkẹyìn tí mo gbọ́ kí ó dápàárá nìyẹn.

Ọkùnrin kan ní Bìní, tó ń tajà fún àwọn ọmọ òyìnbó elépo rọ̀bì àti àwọn ọmọ yunifásítì, ti ṣèlérí pé òun á wá wò wọ́n, bí wọ́n bá sì dára, òun á máa rajà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Bí wọn ò bá dára, ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún èmi nìkan pé òun á bá àwọn tó ń gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà lọ. Mi ò sùn dáadáa látìgbà tó ti sọ ọ́.

Ó kọ́ mi bí a ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò. Ojú la kọ́kọ́ ń wò: àmì dúdú inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín gan-an, torí dírágónì tójú rẹ̀ bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀mùtí ló ń jọ. Lẹ́yìn náà ni ibi tí àwọ̀ ìpẹ́ ti pàdé àwọ̀ ikùn. Ọ̀dà kò gbọdọ̀ ṣàn kọjá ààlà, kò sì gbọdọ̀ ki débi tí yóò fi bo ìpẹ́ mọ́lẹ̀. A ó gbé e sórí tábìlì, a ó wò ó bóyá ó ń mì. Paríparí rẹ̀ ni ìyẹ́: ó gbọ́dọ̀ nà gbọọrọ, kí méjèèjì ga dọ́gba, torí ìyẹ́ ni ẹni tó ń rà á ń sanwó fún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dára. Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó mí kanlẹ̀.

Bàbá wa jókòó sórí àpótí, ó ń wò wá. Láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ni kò ti mọ ohun tí òun lè ṣe fún un, àìmọ̀ yẹn sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó mú dírágónì kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fún un mọ́ ọwọ́ bó ṣe máa ń fún ẹ̀kúnwọ́ kòkó láti gbọ́ bóyá ó ti ń dún. "Ọ̀rinrin ṣì wà lára wọn, ọma mi." Ẹ̀gbọ́n mi ní kó má ṣèyọnu. Ṣùgbọ́n lójú àgbẹ̀ kòkó, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ọjà lè dá tó ju ọ̀rinrin lọ. Àwọn tó ń yẹ kòkó wò ti dá àpò tirẹ̀ padà rí nítorí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì bu sílé.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ pàdé ọkùnrin ará Bìní náà ní gáréèjì Ore. Oòrùn ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Nígbà tí a mú un délé, Bàbá ló dìde kí wa, òógùn bò ó, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ti tẹ́ páànù tuntun tó fi pamọ́ fún òrùlé ilé ìdáná sílẹ̀, torí kò fẹ́ kí ẹní tó fi ń sá kòkó ta àbàwọ́n sí wọn. Orí páànù yẹn ló tò wọ́n sí. Láti àárọ̀ ló ti jókòó tì wọ́n, ó ń lé adìẹ, ó ń yí wọn padà bí a ti í yí kòkó. Ìyẹ́ gbogbo wọn ti rọ, ó ti lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn. Ọ̀dà ojú wọn ti ràn mọ́ páànù.

"Wọ́n ti gbẹ," ni Bàbá wí. "Wọ́n tiẹ̀ ti káyẹ́ wọn, á rọrùn láti dì."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan, ó gbé e kalẹ̀. Píjìn tí Bàbá kò gbọ́ ló fi sọ ọ́, pé oòrùn ti bà wọ́n jẹ́, òun kò lè mú ọ̀kan ṣoṣo. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ó ní òun á kó gbogbo rẹ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ló dì wọ́n padà sínú páálí, ó sì bá ọkùnrin náà padà sí Ore. Kò pẹ́ tó fi wá dágbére. Ó sọ fún Bàbá pé òwò náà ti gba òun sí Bìní. Èmi mọ ibi tó ń lọ, mo sì sin ín dé títì. Láti ọjọ́ náà, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́, yálà òkú tàbí ààyè.

Ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Mo ti bínú sí àwọn sójà, mo ti bínú sí ará Bìní yẹn, ṣùgbọ́n mi ò rí bí mo ṣe lè bínú sí bàbá mi. Ìfẹ́ rẹ̀ kò lábùkù rárá, òun náà ló sì lé ọmọ rẹ̀ lọ. Mo ti wá mọ̀ pé irọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi pa lọ́jọ́ yẹn nìkan ni ogún tó fi sílẹ̀ fún bàbá wa, èmi ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá á máa sọ pé iṣẹ́ ọmọ òun ń lọ dáadáa, pé òun lòun bá a sá ọjà àkọ́kọ́. Èmi á ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí àìsàn tó mú un lọ dá a dùbúlẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní tí mo bá rí ẹ̀gbọ́n mi, kí n sọ fún un pé bí ọjà mìíràn bá ti tutù, kó gbé e wálé, òun á bá a sá a.

Mo ní mo gbọ́, Bàbá.