Èéfín Inú Oyin Irúgbá

Òórùn oyin tó ti gbó kò jọ ti tuntun rárá. Oyin tuntun a máa ta sánsán bí òdòdó tí oòrùn àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn sí, ṣùgbọ́n èyí tó gbó a máa jọ èèpo ẹ̀pà tí wọ́n yan, tí iná fẹ́rẹ̀ẹ́ mú jù. Ìgò kan wà lábẹ́ ibùsùn mi níhìn-ín ní Àgọ́-Àrẹ tí mo ti gbọ́ òórùn méjèèjì nínú rẹ̀. Ìgò ọtí òyìnbó ni, aláwọ̀ ewé, tí àwọn tó ń ṣe títì mu tán tí wọ́n jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọkọ mi, tí ọtí kò kan ètè rẹ̀ rí títí ó fi kú, fi iyanrìn àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀, ó ní ìgò tó nípọn báyẹn kò yẹ kó ṣòfò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń tọ́jú ìgò bí adìẹ tó ń sàba lórí ẹyin, ọ̀rọ̀ rẹ̀ rèé. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́.

Ọkọ mi àti àbúrò mi ọkùnrin ni wọ́n jọ máa ń wá oyin nígbà náà. Oko wọn pààlà, igi irúgbá ńlá kan ló sì wà lórí ààlà náà, tí oyin ń gbé inú ihò rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá wa ti wà láyé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, tí òdòdó irúgbá bá pọ́n rokoso lórí ẹ̀ka, ọ̀kan nínú wọn á gun igi pẹ̀lú ògùṣọ̀, èkejì á dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú igbá àti omi, kí ó lè máa pa ẹ̀ta iná tó bá já bọ́ sínú koríko. Iṣẹ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an. Àbúrò mi ló sì ní ahọ́n. Bí ó bá tọ́ oyin wò, á sọ fún ọ pé òdòdó òrí ló pọ̀ nínú rẹ̀ tàbí ti irúgbá, ọkọ mi á sì máa rẹ́rìn-ín, á ní, “Àna mi, ìwọ àti oyin, ìyá kan náà ló bí yín.”

Lọ́dún kan, ara ọkọ mi kò gbà á kó dúró de àbúrò mi tó lọ nájà ní Ṣakí. Ó dá lọ. Ó dá gun igi, kò sì sí ẹnì kankan nísàlẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n lé. Ẹ̀ta iná kan ṣoṣo já bọ́, kí ọkọ mi tó sọ̀ kalẹ̀, iná ti gba oko àbúrò mi. Abà rẹ̀ jó. Àká ọkà bàbà tó kó fún odidi ọdún jó. Àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ wà lórí ìso, èyí tó lóyún wà nínú wọn, wọ́n sì ń ké bí ọmọ ènìyàn títí igbe náà fi dákẹ́. Àwa tí a wà nílé gbọ́ ọ. A rò pé àwọn ajínigbé ló dé.

Ọkọ mi wọlé pẹ̀lú èédú lójú, igbá oyin lọ́wọ́. Bóyá ọwọ́ rẹ̀ ń wá ohun tí yóò ṣe ni, ó mú ìgò náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ oyin sínú rẹ̀ lójúde wa. Ibẹ̀ ni àbúrò mi bá a. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. “Ṣé oyin lẹ̀ ń rọ? Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá mi lóhùn, ṣé oyin lẹ̀ ń rọ?”

Ọkọ mi ní, “Ọyẹ́ ló gbé e.”

Ó dà bí ẹni pé gbólóhùn náà ló fa àdá àbúrò mi yọ. Ọkọ mi gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti gbà á, àdá sì wọlé sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi kan eegun. Ó fi ọwọ́ òsì gbá ọmọ odó mi mú, ó là á mọ́ ìhà àbúrò mi, mo sì gbọ́ bí eegun ṣe dún, kà, bí igi gbígbẹ. Mo kó sí àárín wọn. Àpá èjìká mi tí ẹ mọ̀ yẹn, ibẹ̀ ni mo ti gbà á, n kò sì mọ èwo nínú wọn ló ṣe é títí di òní. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò fi pín wọn níyà, ẹ̀jẹ̀ àti oyin ti pò pọ̀ lórí ilẹ̀, àwọn oyin sì ti tẹ̀lé òórùn ilé wọn dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n bà lé e, wọ́n ń mu méjèèjì.

Ní ọsibítù Ṣakí, wọ́n rán ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn ìka ká kò bí ẹsẹ̀ adìẹ tó ti kú. Wọn kò di ọkọ́ mú mọ́ láéláé. Àwọn ọlọ́pàá ti àbúrò mi mọ́lé. Ẹni tó lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tú u sílẹ̀ ni ọkọ mi fúnra rẹ̀. Ayọ̀ mú mi, mo kúnlẹ̀ mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá wò mí láti òkè wá, ó ní, “Ìyá Àlímọ̀, dìde. N kò fẹ́ kí ẹ̀wọ̀n gbà á lọ́wọ́ mi ni.” Ó fi ṣùkù àgbàdo dí ẹnu ìgò náà, ó yọ́ ìda lé e lórí. “Ọjọ́ tí wọ́n bá sin ín ni n ó lá a tán. Kó tó dìgbà náà, èéfín inú rẹ̀ á máa rán mi létí.” Àbúrò mi gbọ́, ó sá lọ sí Okaka. Láràárọ̀, bí ọkọ mi bá ti kírun tán, á lọ sẹ́yìnkùlé, á máa fi ọwọ́ òsì ṣá ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ń kọ́ ọwọ́ náà níṣẹ́. Èmi ń dáná ẹ̀kọ, mo sì ń gbọ́ ọ: ṣá, ṣá, ṣá.

Lọ́dọọdún, tí òdòdó irúgbá bá ti pọ́n, á ṣí ìgò náà, á fi igi ìgbálẹ̀ kan oyin díẹ̀, á fún èmi náà. Ọdún àkọ́kọ́, oyin náà mọ́ bí ojú ológbò. Èéfín ló kọ́kọ́ gbá mi nímú, lẹ́yìn náà òdòdó, lẹ́yìn náà adùn tó ń gún ọ̀fun bí abẹ́rẹ́. Ojú ọkọ mi pọ́n bó ṣe ń lá a. “Ó wà níbẹ̀,” ló wí. Nígbà tó yá, oyin náà dì láti ìdí wá, ó funfun bí òrí inú ọyẹ́, ó ń ta lẹ́nu bí iyanrìn tó ní ṣúgà, a ní láti gbé e sóòrùn kó tó yọ́. Èéfín ṣì wà, àmọ́ adùn ni ó wá ṣíwájú báyìí. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni ó ń dúdú sí i títí ó fi dà bí àdín. Òórùn òdòdó lọ. Kíkan díẹ̀ bíi ti àjàgbọn wọlé, ìkorò wẹ́wẹ́ bí orógbó tẹ̀lé e, adùn náà sì rọlẹ̀, kò gúnni lọ́fun mọ́. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi ju ti ọdún àkọ́kọ́ lọ. Èmi kò jẹ́ sọ ọ́ síta.

Ọdún kan wá dé, ó lá a. Ó tún un lá. Ó ní, “Èéfín dà?”

Mo ní, “Oyin ló gbó, Bàbá Àlímọ̀.”

“Oyin kì í gbó kó gbàgbé ohun tó jó o. Ìwọ lo pààrọ̀ rẹ̀. Ìwọ lo gbè sẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ rẹ.” Ọwọ́ òsì tó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ́ níṣẹ́ yẹn ló fi fún mi lọ́rùn, ó gbá orí mi mọ́ ògiri títí ojú mi fi ṣú. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó wé àdá sínú àpò, ó ki ìgò sí àpò agbádá, ó pe ọlọ́kadà ìtòsí, ó sì tì mí gorí ọ̀kadà. Àwa mẹ́ta lórí ọ̀kadà kan, àdá wà láàárín èmi àti òun. Ọlọ́kadà ń ṣàwàdà, ó ní, “Bàbá, oko wo lẹ̀ ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí?” Ọkọ mi ní, “Ìkórè ni mo fẹ́ lọ ṣe.” Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín dé Okaka.

Àbúrò mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó rí wa, kò dìde, kò sì sá. Ọkọ mi fi ẹ̀gbẹ́ àdá gbá a lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ bò ó nírùngbọ̀n. Ó wá na ìgò sí i. “Ìwọ lo ní ahọ́n. Lá a wò. Bó bá jẹ́ oyin mìíràn ni, ẹ̀gbọ́n rẹ yìí ló pààrọ̀ rẹ̀, òun ni n ó sì kọ́kọ́ ṣá. Bó bá jẹ́ oyin ọjọ́ náà ni, ó ku èmi àti ìwọ.”

Àbúrò mi wò mí. Ó ti ìka bọ ẹnu ìgò, ó lá a, ó pa ojú dé. Èmi tí mo ti lá a láàárọ̀ mọ̀ pé kò sí èéfín kankan níbẹ̀. Ó ní, “Òun ni. Oyin irúgbá wa ni. Èéfín rẹ̀ ṣì wà, ó sá sẹ́yìn ọ̀fun ni. Ẹ tún un lá, ẹ̀gbọ́n, ẹ má tètè gbé e mì.”

Ọkọ mi lá a. Mo rí i bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe dúró, tó ń wá a. Nígbà tó gbé e mì, ó ní, “Ó wà níbẹ̀,” ó gbé àdá sókè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Mo kígbe. Àdá wọ inú òpó ẹnu ọ̀nà, lẹ́bàá etí àbúrò mi. Bóyá ọwọ́ òsì ló tàsé, bóyá òun ló yà á, kò sọ fún mi rí. Ó fà á, kò yọ. Ó tún fà á. Ó ti ẹsẹ̀ mọ́ òpó, ó ń fà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àgbàlagbà tó ń fi ọwọ́ kan bá igi jìjàkadì. Nígbà náà ni àbúrò mi dìde, ẹ̀jẹ̀ ń kán lẹ́nu rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa àdá náà yọ, ó sì na èèkù rẹ̀ sí ọkọ mi.

Ọkọ mi gbà á. Ó wò ó bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Ó ní, “Omi ń bẹ nílé yìí?”

Kò sí ẹni tó parí ìjà wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí òjò rọ̀, àbúrò mi wá kọ ebè fún un, kò sì dúró jẹun. Ọdún tó tẹ̀lé e ó wá, ó jẹun. Nígbà tí àìsàn mú ọkọ mi lọ, àbúrò mi wà lára àwọn tó wẹ òkú rẹ̀, wọ́n ní òun ló fọ ọwọ́ ọ̀tún yẹn, ìka kan tẹ̀lé ìkan. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni mo bi í léèrè. Mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o rí èéfín nínú oyin yẹn ní tòótọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín, àyè eyín méjì tí àdá yọ hàn. “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo fẹ́ rí? Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló kún ẹnu mi. N kò mọ̀ bóyá oyin ni tàbí epo.”

Mo sunkún ju bí mo ṣe sun ún nígbà òkú lọ. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni mo fi rò pé ahọ́n rẹ̀ rí ohun tí tèmi kò rí, pé oyin tó gbó ló là wá, tí mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgò. Ẹni tí kò lè tọ́ nǹkan kan wò ló sọ ọ̀rọ̀ tó gbà mí sílẹ̀, ó sì fi ọrùn ara rẹ̀ sábẹ́ àdá kó tó sọ ọ́. Oyin náà kù díẹ̀ nísàlẹ̀ báyìí, ó ti dúdú kọjá àdín. Bí òdòdó irúgbá bá ti pọ́n, èmi nìkan ló ń ṣí i. Mo máa ń fi sílẹ̀ lẹ́nu, n kì í tètè gbé e mì, bí ó ṣe wí. Èmi tí n kò rí èéfín kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ti ń rí i báyìí, fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn ọ̀fun gan-an, níbi tí àbúrò mi sọ pé ó wà.