Òróró Nínú Gíábọ́ọ̀sì

Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n gbà ṣẹ̀ mí lórí ọ̀rọ̀ ìbọn ẹ̀gbọ́n mi, mo sì kọ márààrún sílẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn. Ilé ìkẹ́rùsí olótùútù kan nítòsí Ripple Road, níbí nílùú òyìnbó, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń yẹ ẹrù wò, tí mò ń kọ ohun tó bàjẹ́, bó ṣe bàjẹ́, àti ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Kẹ́mísírì ni mo kà ní yunifásítì nílé. Ẹni tó bá ti kọ́ bí a ṣe ń wọn nǹkan, ọ̀fọ̀ kì í gba òṣùwọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó ro nǹkan mìíràn sí mi: ìbọn tí mò ń wí kì í pa ènìyàn. Ìbọn eré ni. Ọta rẹ̀ jẹ́ oníke róbótó, funfun, kò tó hóró ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti sójà, ẹ kò ní mọ èyí tí í ṣe òótọ́. Ìdí nìyẹn tí òfin ìlú yìí kò fi gbà kí wọ́n ta irú rẹ̀ fún ẹni tí kò bá lè fi hàn pé pápá eré lòun ń gbé e lọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé ẹ̀rí tiwa. A ti lé ní ogójì ọdún kí a tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ lífítì ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe, ó ń tún un ṣe nínú àwọn ilé gíga káàkiri, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ mú un lọ sínú igbó kan ní Essex ní ọjọ́ Sátidé. Ní Sátidé kejì, ó fà mí lọ́wọ́ lọ.

Nínú eré náà, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ọta bà ọ́ àfi ìwọ fúnra rẹ. Ìwọ lo máa nawọ́ sókè, tí wàá kígbe, tí wàá sì kúrò lójú ogun. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bí ẹni pé kòkòrò ló jẹ wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Kódà bó bá jẹ́ àpò ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọta bà, yóò ké e síta ní Yorùbá pé, "Ó bà mí o!" títí àwọn òyìnbó kéékèèké tó ń ti Romford wá fi ń kígbe bẹ́ẹ̀ náà, tí wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Èmi fẹ́ràn yíyin ìbọn. Òun fẹ́ràn títú u. Ilé rẹ̀ wà ní Dagenham Village, yàrá ẹ̀yìn ni ó sọ di ibi iṣẹ́. Inú ìbọn wọ̀nyí ní gíábọ́ọ̀sì kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ: jíà mẹ́ta, sípíríǹgì, àti písítìnì tí ń ti afẹ́fẹ́ tó ń gbé ọta jáde. Láàárín jíà àti ògiri àpótí náà, wáṣà ló wà níbẹ̀, òrùka irin pẹlẹbẹ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Bí wáṣà bá pọ̀ jù, jíà á há. Bí ó bá kéré jù, ìbọn á máa ké bí eku tí ilẹ̀kùn pa ní ìrù. Ẹ̀gbọ́n mi á pa ojú dé, á gbé e sétí.

"Gbọ́ ọ," á ní. "Ó ń ráhùn bíi tìẹ."

Ní ọdún tí àìsàn dá a jókòó sílé, ó kó ẹ̀yà ìbọn jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọ̀kan fún mi. Ó ní, "Tìẹ lèyí, àmọ́ o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí n ó fi parí ẹ̀." Ní ọjọ́ Ajé kan, ó pè mí lórí fóònù pé ó ti parí, kí n wá gbé e ní Sátidé. Ó kú ní Ọjọ́bọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. N kò béèrè ilé, n kò béèrè ọkọ̀. Ìbọn yẹn ni mo fẹ́, bí ó ṣe tì í pa. Mo ti pinnu pé mi ò ní tú u láyé. Gíríìsì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa sí eyín jíà á wà nínú ẹ̀, n ó sì máa gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nígbàkúùgbà tí mo bá yin ìbọn náà.

Ṣùgbọ́n n kò lọ gbé e. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Àbúrò kì í wọ yàrá òkú lọ ṣa ohun tó wù ú, wọn á ní omijé kò tíì gbẹ lójú opó, ó ti ń kó ẹrù. Ó di ẹ̀yìn àdúrà ogójì ọjọ́ kí wọ́n tó pín ẹrù fún wa. Mo dúró. Mo ń kọjá ní iwájú ilé náà, mo ń dúró.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé e jáde sí pálọ̀. Ó fi sùtánà funfun ọkọ rẹ̀ wé e bí ọmọ tuntun. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni gbogbo wa.

"Akọ̀wé mi, ẹ gba tiyín," ó ní. Láti ọjọ́ tí ó ti wọlé fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni kì í pe orúkọ mi, bí ìyàwó rere kì í ti í pe orúkọ ọmọ ọkọ. Akọ̀wé ni orúkọ tí ó yàn fún mi. "Wòlíì ti gbàdúrà sí i."

Mo rí i pé aṣọ náà ti yí àwọ̀ níbi kan. Òórùn òróró ólífì gbá mi nímú.

"Àdúrà tí wọ́n fi kí ni ṣe?"

"Wọ́n yà á sí mímọ́. Gbogbo ẹrù ẹ̀gbọ́n yín la kó lọ, bàtà, aago, aṣọ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé a kì í gbé ẹrù òkú fún alààyè lásán."

"Ibo ni wọ́n da òróró sí?"

"Ẹnu rẹ̀. Lẹ́ẹ̀méje." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Wọ́n tún bu omi àdúrà wọ́n ọn."

"Báwo lẹ ṣe gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Bọ́ọ̀sì ni. Mo fi sínú báàgì ọjà, ẹnu rẹ̀ ló kàn yọ díẹ̀."

Mo dojú ìbọn náà kọlẹ̀. Òróró yọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ó kán sórí kápẹ́ẹ̀tì lójú wa méjèèjì.

Mo pariwo. N kò ní parọ́ fún yín, mo pariwo mọ́ opó nínú ilé rẹ̀. Nígbà tí mo gbé ìbọn náà délé, mo jókòó, mo kọ ọ́ ní ẹsẹẹsẹ. Èkíní, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àpótí oníkọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń tì í mọ́. Èkejì, obìnrin aláwọ̀ dúdú gbé ohun tó jọ ìbọn sójà wọ bọ́ọ̀sì ní ọ̀sán gangan, ẹnu ìbọn sì yọ síta. Bí ẹyọ èrò kan bá pe ọlọ́pàá, òkú méjì là bá máa sọ. Ẹ̀kẹta, ẹnu ìbọn yẹn ní rọ́bà kékeré kan tí ń jẹ́ kí ọta fò tààrà. Òróró sílíkónì nìkan ni a fi ń kàn án, òróró èso á mú un wú, á sì di bí oje igi. Ẹ̀kẹrin, wọ́n wọ́n omi sí ohun tí bátìrì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, kò sí ẹni tó bi mí léèrè. Mo fi gbólóhùn kan parí lẹ́tà náà: "Iṣẹ́ ọwọ́ ìkẹyìn ẹ̀gbọ́n mi ni ẹ bà jẹ́." Mo fi ránṣẹ́ sí àwọn alàgbà ìjọ, mo sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi.

Wọ́n pè mí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà, a bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà bí ìṣe wa. Bàbá alàgbà, ọmọ Ìjẹ̀bú, gbé lẹ́tà mi sórí itan.

"Ojú ìwé mẹ́ta," ó ní. "Nítorí ìbọn ìṣeré. Nígbà tí à ń wá ẹni tí yóò kọ̀wé sí káńsù lórí òrùlé tó ń jò sí wa lórí, ṣé ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ní ọwọ́ ń dùn yín?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Wòlíì ní, "Ibi tí iná ń gbà jáde la fi òróró sí. Ṣé ìdí rẹ̀ ni ká fi sí?"

"Iná kankan kì í jáde níbẹ̀, sà," mo ní. "Afẹ́fẹ́ ni."

"Afẹ́fẹ́ náà, Ọlọ́run ló ni ín."

Mo ti ń múra láti ka ẹ̀kẹta fún un, ti rọ́bà, nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dìde láàárín àwọn obìnrin. Ẹ̀dà lẹ́tà mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìlà tó kẹ́yìn," ó ní. "'Iṣẹ́ ọwọ́ ìkẹyìn ẹ̀gbọ́n mi.' Akọ̀wé, ọwọ́ ta ni?"

Mo bojú wo lẹ́tà tó wà lórí itan bàbá alàgbà.

"Láti Kérésì ni ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yín ti ń gbọ̀n. Kò lè di ṣíbí mú, ká má tíì sọ wáṣà. Òun ń wí, èmi ń tò ó. Ọ̀sẹ̀ méje. Èmi ni mo pa gíríìsì sí i. Èmi ni mo tì í. Ó ní kí n má sọ fún yín, ó ní bí ẹ bá mọ̀ pé èmi ni, ẹ ó wá àléébù sí i." Ó ká ìwé náà sí méjì. "Ohun tí mo fọwọ́ mi ṣe ni mo gbé lọ síbi àdúrà, kí ibi má bàa bá yín ní pápá bí ó ṣe bá ọkọ mi nílé. Ta ni mo ṣẹ̀?"

Mo wo ẹ̀sùn márààrún lọ́kàn mi. Kò sí èyí tó di irọ́ níbẹ̀: bọ́ọ̀sì ṣì burú, òróró ṣì burú. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo sunkún kọ nínú lẹ́tà náà ni kì í ṣe òótọ́. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ẹ ì bá ti sọ fún mi." Ẹ̀sùn kẹfà nìyẹn. Ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde, ó gbàgbé láti wọ bàtà títí ó fi dé orí kọnkéré ìta, ó sì padà wá mú un láìwo ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo tú gíábọ́ọ̀sì náà. Òróró ti wọ inú rẹ̀ pátápátá, ó ti pò mọ́ gíríìsì. Ní igun kan tí òróró kò dé, mo rí ojú ìka nínú gíríìsì, ó kéré, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Kì í ṣe ìka ẹ̀gbọ́n mi. Mo wò ó pẹ́. Bí n kò bá fọ̀ ọ́, ìbọn náà á kú. Mo fọ̀ ọ́. Ibi tí mo ti ń nù ún ni wáṣà ti dà sórí tábìlì, tí mi ò mọ èyí tó wà lókè mọ́, tàbí èyí tó wà nísàlẹ̀. Mo tò ó, ó há. Mo tún un tò, ó ń ké. Odindi oṣù kan ni mo fi ń tò ó, èmi tí mo ka ìwé.

Mo gbé e sórí àwo, mo lọ sí Dagenham Village. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣí ilẹ̀kùn, ó wo àwo náà, kò ní kí n wọlé.

"Ẹ má bínú," mo ní.

"Mo gbọ́."

"Mo ti da wáṣà rẹ̀ pọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bí ẹni ń ka sáàmù tó há sórí: jíà àárín, tín-ínrín méjì nísàlẹ̀, ẹyọ kan lókè. Èyí tó tóbi, ọ̀kan, ọ̀kan. Èyí tó kẹ́yìn, kí n kọ́kọ́ dì í láìsí àwọn yòókù, kí n fi ìka yí i, kí n gbọ́. "Gíríìsì díẹ̀, kì í ṣe bí ẹni ń fi òrí pa ọmọ." Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ló wà nínú gbólóhùn yẹn, ó gbọ́ ọ, èmi náà gbọ́ ọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tì í," mo ní.

"Rárá o. Mo ti tì í lẹ́ẹ̀kan."

Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Mo ṣe é bó ṣe wí. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo gbé e lọ sínú igbó, mo yìn ín. Kò ké, kò há. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣàkóso pápá, òyìnbó àgbàlagbà kan tó mọ ẹ̀gbọ́n mi dáadáa, gbé e sétí, ó mi orí. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, òun mọ̀ ọ́n.

"Rárá," mo ní. "Ìyàwó rẹ̀ ló ṣe é."

Ó yà á lẹ́nu. Ó ní kí n mú obìnrin náà wá lọ́jọ́ kan, pé wọ́n nílò irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Mo ní mo máa sọ fún un. Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹrin láti ìgbà náà. Fóònù rẹ̀ máa ń dún títí, yóò sì dákẹ́.