Ológbò Tí Màmá Fún Mi

Lánàá, ìyàwó mi ṣí ìgò àdí láti fi pa àyà ọmọ wa, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí ilé ìyá ìyá mi ní Fìdítì.

Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà, Màmá sì fún mi ní ológbò pupa kan kí n lè yé sunkún. Mo máa ń gbé e sáyà sùn. Ṣùgbọ́n ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, àyà mi sì ń han bíi fèrè bí mo bá ń mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, n kò lè mí délẹ̀ mọ́. Màmá fi àdí pa mí láyà, ó wá gbé ológbò náà sínú apẹ̀rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ tó gun ọ̀kadà wá láti Àwẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Mi ò ní wúkọ́ mọ́."

"Ọmọ mi, irun rẹ̀ ló ń dí ọ léèémí. Ìwọ nìkan ló ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́."

Mo ń gbọ́ igbe ológbò náà títí ọ̀kadà fi yà lẹ́yìn ọgbà ọsàn. Mo kẹ̀yìn sí Màmá, n kò fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀. Mo rí i tó ń nu ojú létí ààrò tí kò níná.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó gbọ́ pé ìyá mi ló tọ́ ológbò náà láti kékeré nílé Màmá, kí wọ́n tó bí mi.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ lọ́jọ́ tí ológbò náà lọ, Màmá wá fi etí lé mi láyà. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Àyà rẹ ò han mọ́, ó ti dákẹ́," ló wí.