Télọ̀ Tó Ń Bá Ìwọ̀n Dúnàá-dúrà

Bí wọ́n bá dárúkọ télọ̀ náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń rántí: ọjọ́ tó gun orí ìwọ̀n ní ọsibítù, tí ìwọ̀n ka kílò mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, tó sì ní kí nọ́ọ̀sì bá òun yọ mẹ́ta kúrò níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní kí ni òun fẹ́ yọ. Télọ̀ nawọ́ sí ọmú òsì rẹ̀. Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ti gé ojúlówó rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló fi aṣọ rán an, tó rọ yanrìn sínú rẹ̀ kó lè wúwo bí èkejì.

"Kì í ṣe ara mi," ló wí. "Ẹ ò lè ka ẹrù mọ́ mi lára."

"Mà, ọmú wo ló wọn kílò mẹ́ta?"

"Ṣé ẹ mọ tèmi jù mí lọ ni? Ẹ lọ bi dókítà tó gé e."

Àwọn obìnrin orí bẹ́ǹṣì, tí àìsàn kan náà ti bá gbogbo wọn jà, tí ọsibítù sì ní kí gbogbo wọn máa ṣeré ìdárayá, pa ọ̀rọ̀ tì kí wọ́n lè gbọ́ ibi tó máa já sí. Nọ́ọ̀sì mú un lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ní kó yọ ọmú náà, ó sì gbé e ka orí ìwọ̀n. Kò pé kílò kan. Télọ̀ wò ó títí. "Ẹ ò rí i pé eré ìdárayá yín ń ṣiṣẹ́," ló wí. "Òun náà ti rù."

Ọjọ́ yẹn ló di Ìyá Ẹ-bá-mi-yọ-ọ́.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níléèwé, ló mú un lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìwádìí kan níbẹ̀. Àwọn dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá obìnrin tó ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ tán, tó bá ń ṣeré ìdárayá tó sì fọn díẹ̀, họ́mónù ara rẹ̀ máa wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé bí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dúró, inú ọ̀rá ara ni họ́mónù náà ti ń wá jù, ó sì lè máa bọ́ irú jẹjẹrẹ kan.

Télọ̀ gbọ́ ọ yé. "Ọ̀rá mi ló ń dáná fún ọ̀tá mi nìyẹn," ló wí. "Ó dáa. Ebi ni yóò pa á."

Ṣùgbọ́n ó kórìíra ìrìn bí ẹní kórìíra olófòófó. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n ní kó máa rìn lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀. Ní àràárọ̀ ni àbúrò rẹ̀ ń wá fà á jáde, tí òun náà sì ń ná ìrìn náà bí ọjà: ó ní gígun òkè lẹ́ẹ̀kan tó ìrìn ẹ̀ẹ̀mejì, àti pé bí òun bá dúró kí èèyàn, kí wọ́n kà á mọ́ ọn, ṣebí ọkàn òun kò dúró. Nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìṣísẹ̀, ó so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, ó jókòó ti maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì pè é lórí fóònù. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ìṣísẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìlú wo ni ẹ lọ, mà?

"Mo lọ," ló wí, "mo sì ti dé."

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lóòótọ́. Ní oṣù mẹ́jọ, kílò mẹ́sàn-án ti lọ, họ́mónù náà sì ti wálẹ̀ dáadáa. Ó gbé ìwé àyẹ̀wò náà sínú férémù, ó gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà tí kò bá tíì kà á, kò ní wọn aṣọ fún un.

Lọ́dún kejì, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ní ìrìn ló fà á, ó sì bẹ nọ́ọ̀sì pé kó bá òun yọ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Kì í ṣe ìrìn. Jẹjẹrẹ ti padà, ó ti wọ inú egungun. Ẹran ara rẹ̀ wá ń lọ fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ná an. Aládùúgbò kan tí kò mọ̀ dá a dúró lójú pópó, ó ní ẹ wo bí wọ́n ṣe fọn tí wọ́n sì rẹwà, kí ni wọ́n ń lò? Télọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kóun náà máa rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Àbúrò rẹ̀, tó dì í lọ́wọ́ mú, kọjú sí ògiri ẹ̀bá ọ̀nà.

Télọ̀ kú láàárín oṣù mẹ́ta.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò gba ọsibítù lọ láti lọ jà. Inú rẹ̀ korò bí ewúro, ó sì bi nọ́ọ̀sì léèrè ohun tí ẹ̀gbọ́n òun rí gbà nínú gbogbo ìrìn yẹn. Nọ́ọ̀sì kò gbèjà ara rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀. Họ́mónù náà wálẹ̀ lóòótọ́, ìwé kò purọ́. Ìwé kò sì ṣèlérí ẹ̀mí fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí àbúrò jókòó, òun náà jókòó.

"Níbòmíràn tí wọ́n ti ṣe irú ìwádìí yìí," nọ́ọ̀sì wá wí, "ìdajì àwọn obìnrin ló sá lọ kó tó dé àárín. Níbí, kò sí ẹni tó sá, títí a fi parí. Dókítà ń bi mí pé ọgbọ́n wo ni mo dá. Mi ò dá ọgbọ́n kankan. Gbogbo wọn ń wá wo ìjà ẹ̀gbọ́n yín ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àbúrò, ó bá a lójijì. Ìkorò inú rẹ̀ kò kúrò, ṣùgbọ́n ó sún díẹ̀, kí ẹ̀rín náà lè ráyè jókòó.

"Ẹ sọ òmíràn nínú àwọn ìjà rẹ̀," ló wí.

Nọ́ọ̀sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.