Ogún Ìgò, Ẹ̀jẹ̀ Ẹnì Kan

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ọ̀gá mi fojú mi rí ní Abẹ́òkúta ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Mo ti dákẹ́ tó. Ọ̀gá náà ti kú, èmi kò tíì kú, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ kù sí!

Ìwádìí lórí àwọn àrùn ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe. Èyí tí ẹ mọ̀ jù nínú wọn ni fòníkú-fọ̀ladìde, tó ń mú kí egungun ọmọ máa ro ó bíi pé wọ́n ń fi òòlù lù ú. Ní Aké ni láàbù wa wà nígbà náà.

Ìjọba ní kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀fàdà wò. Bí a bá rí àrùn náà níbẹ̀, wọn yóò kọ́ kíliníìkì fún àwọn ọmọ wọn. Bí a kò bá rí i, ó parí nìyẹn.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló lọ. Àbí kí n ní ó lọ jẹun? Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń kọ orúkọ, ó ń jẹ ìrẹsì. Ọkùnrin kan tó máa ń gún abẹ́rẹ́ kiri abúlé ni ó rán wọlé lọ gba ẹ̀jẹ̀ náà. Ogún ìgò ló gbé dé, orúkọ ogún ènìyàn lára wọn.

Mo yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ̀jẹ̀ ogún ènìyàn, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, gbogbo rẹ̀ rí bákan náà. Kò sí àrùn lára ẹnikẹ́ni! Ṣé ó ṣeé ṣe? Àwọn ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wá láti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ńkọ́?

Mo sọ fún ọ̀gá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Sísì, lọ wá ọkọ, kí o yé wá àṣìṣe kiri.” Gbogbo láàbù rẹ́rìn-ín sí mi. Mo rántí gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín o!

Ní Sátidé, mo wọ mọ́tò lọ sí abúlé náà. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá tó jẹ́ olórí abúlé, mo bi í pé ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n fún wa.

“Ti Ṣówùmí ni. Ṣé kò dáa ni?”

“Ó dáa, sà. Àwọn tó kù ńkọ́?”

“Ìwọ ọmọ yìí, bí àlejò bá wọlé rẹ, ṣé iṣu tó ti jẹrà lo máa gbé fún un? Ṣówùmí kò ṣàìsàn rí. Òun ló dáa jù nínú wa, òun la fi ṣe yín lálejò.”

Ṣówùmí tó ń dá ẹmu yọjú. Ó ní, “Àǹtí, odindi àkùkọ ni wọ́n pa fún mi lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹ bá tún fẹ́ sí i, ẹ kọ́kọ́ wá àkùkọ!”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo béèrè àwọn ọmọ tó máa ń ṣàìsàn. Ojú bàbá yí padà. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n kó wọn sí, kí àlejò má baà rí wọn. Ojú wọn pọ́n bí ọsàn, ọwọ́ ọ̀kan wú.

Mo ní, “Bàbá, àwọn wọ̀nyí gan-an ni àlejò ń wá.”

Ó ṣí fìlà. Òun fúnra rẹ̀ ló mú wọn jáde fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sí láàbù: àrùn náà wà lára wọn, ó sì hàn gbangba. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá máa jábọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, mo fi èsì tuntun lé e lọ́wọ́. Kò dúpẹ́. Ó gun orí pèpéle, ó ní, “Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti fura sí ẹ̀jẹ̀ yìí, ni mo bá padà lọ.” Wọ́n pàtẹ́wọ́!

Òun padà lọ? Mo ti dìde tán kí n tú u fó. Ìgbà náà ni mo rò ó pé bí àwa méjèèjì bá ń jà níwájú wọn, wọn yóò ní èsì méjèèjì kò ṣeé gbà gbọ́. Ta ni yóò wá kọ́ kíliníìkì? Mo jókòó. Ìjókòó yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní.

Wọ́n kọ́ ọ. Orúkọ ọ̀gá ni wọ́n kọ sára ògiri. Àwọn ọmọ náà rí ìtọ́jú gbà.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín dé ibi tí iṣẹ́ wà, kí ẹ sì kọ orúkọ yín sára èsì kí ẹ tó fi lé ọ̀gá lọ́wọ́. Èmi kò dárúkọ ọ̀gá tèmi, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ka èyí. (Ẹ kú ilé o!) Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló ti gba iṣẹ́ yín ṣe tirẹ̀ rí? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ dárúkọ wọn. Bí ó bá sì jẹ́ èmi ni mo ṣe é fún yín, ẹ dárúkọ èmi náà!