Oko Àna tí Bàbá Ọládọ̀tun Mọ̀nà Rẹ̀

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Ìpòtì pé olóògbé Bàbá Ọládọ̀tun kó ọkùnrin mọ́kànlá lọ ro oko ẹni tí kò bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀. Timothy, aládùúgbò rẹ̀, ló fẹ́ ṣe ọ̀wẹ̀ fún Bàbá Awóníyì, ẹni tó ti búra pé òun kò ní í fi Oyèníkẹ́ ọmọ òun fún ọ̀lẹ. Timothy kò dé oko náà rí.

"Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n lórí fóònù, kí n bèèrè ọ̀nà."

"Pe ta ni? Ṣé èmi tí mo dàgbà ní Ìpòtì ni n ò ní mọ oko Awóníyì? Tẹ̀ lé mi, jàre!"

Wọ́n ro kòkó títí ọ̀sán fi pọ́n. Ìgbà náà ni opó kan, Màmá Grace, yọ sí wọn, ó rí i pé oko òun mọ́ féfé, ló bá kúnlẹ̀ ń sunkún ayọ̀. Timothy yíjú wo ẹni tó mú wọn wá. Bàbá Ọládọ̀tun nu àdá rẹ̀, ó ní, "Ẹ dìde, ìyá. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbèrò rẹ̀."

Fóònù dún. Bàbá Awóníyì ni. "Ibo lẹ wà? Uyán ti tutù!" Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní kí wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú ná. "Ẹni tí kò mọ oko mi, ṣé ulé mi ló máa mọ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Ọládọ̀tun ṣe rí. Kì í dúró kí wọ́n tó pè é. Ó bá aládùúgbò mìíràn, Priscilla, tún ìlẹ̀kùn ṣe, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Priscilla fi ń gba ojú fèrèsé wọlé. Kì í sì í fẹ́ gbà pé òun ṣì í ṣe.

Ṣùgbọ́n ojú Timothy tó rẹ̀wẹ̀sì kò jẹ́ kí Bàbá Ọládọ̀tun sùn. Ní ọjọ́ kejì ó bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, ó sì dá oko Awóníyì ro fún ọjọ́ mẹ́fà. Ní ọjọ́ keje ni olóko ká a mọ́bẹ̀.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Àṣìṣe mi ni. Ẹ má fi jẹ ọmọ náà níyà."

Ẹ̀rín pa Awóníyì, ó gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí ọmọ náà wá mú ìyàwó rẹ̀, kí o má baà kú sí mi lóko." Oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣègbéyàwó.

Bàbá Ọládọ̀tun jáde láyé ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò èṣí. Láìpẹ́ yìí, ìjì ṣí páànù ilé ìdáná Timothy. Aládùúgbò mẹ́rin wá bá a kàn án, ẹnikẹ́ni kò bá a jiyàn. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ṣe tán.

"Ó mà tètè parí o," Oyèníkẹ́ wí.

Timothy wo òrùlé náà. Páànù rẹ̀ tò gún régé. Àárò Bàbá sọ ọ́ gan-an. Ì bá dùn mọ́ ọn kí ẹnì kan gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, kó ní kò mọ ìṣó kàn.